Wà á Lò Ó Gbó

Ọjọ́ tí mo ra ọkọ̀ náà ní Grimsby, òjò ń rọ̀ wínníwínní.
Ìyá Ṣèyífúnmi gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní:
"Wà á lò ó gbó."
Mo ní àmín,
èéfín òtútù sì bá àmín náà jáde lẹ́nu mi.

Ọmọkùnrin tó tà á fún mi, táì rẹ̀ pupa bí ata ṣọ̀ǹbọ̀,
ní kí n fi irínwó pọ́n-ùn lé owó ọkọ̀,
kí n ra wáràńtì ọdún mẹ́ta.
"Kò sóhun tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀."
Mo bọwọ́ lùwé. Mi ò ka ojú ewé kẹtàdínlógún.
Ta ní í ka ojú ewé kẹtàdínlógún?

Ilé àwọn arúgbó ni mo ń yí ká.
Aago mẹ́fà, Cleethorpes: mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Wragg.
Aago mẹ́jọ, Immingham: oògùn Ìyáàfin Petch,
tó máa ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pè mí.
Ọ̀nà Immingham ni gíábọ́ọ̀sì ti figbe ta,
bí ẹni tó he òkúta nínú ìrẹsì.

Kevin mẹkáníìkì fẹ̀yìn lélẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀,
ó jáde, ó nu ọwọ́, ó nù ún pẹ́.
"Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀rin pọ́n-ùn."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní wáràńtì!

Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì ni mo fi di fóònù mọ́ etí.
Ọmọbìnrin kan bá mi kẹ́dùn bí ẹni pé òkú ni mo sìn.
Wọ́n rán ayẹ̀wò wá.
Kò yọ ọwọ́ kúrò lápò títí ó fi lọ.

Lẹ́tà dé ní ọjọ́ Sátidé:
"Gíábọ́ọ̀sì yín kò bàjẹ́. Ó gbó ni."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.
Áà, àdúrà Ìyá Ṣèyífúnmi mà ti gbà!
Ó gbà tán, ó wá di ẹ̀sùn sí mi lọ́rùn.
Àwa tí a ń kí ọmọ àná pé á gbó, á tọ́,
tí a ń kí bàtà tuntun pé kó gbó sí wa lẹ́sẹ̀,
ta ni ká ti gbọ́ pé gbígbó ń jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀?

Mo ròyìn rẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Wragg.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́:
"Ohun tí dókítà sọ nípa orúnkún mi gan-an nìyẹn."

Mo kọ̀wé padà: kí ló bàjẹ́ rí tí kò kọ́kọ́ gbó?
Wọ́n ní kí n wo ojú ewé kẹtàdínlógún.
Wọ́n tún ní mo fi ọjọ́ mọ́kànlá pẹ́ kí n tó gbé e lọ fún sáfíìsì.
Ọjọ́ mọ́kànlá. Mo rántí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ìyáàfin Dowse ló ń kú lọ, kò lẹ́nìkan,
èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.
Mo wá ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù:
àyè lẹ́tà ogún péré ni wọ́n fi sílẹ̀.

Mo gbé ẹjọ́ lọ bá onílàjà.
Oṣù márùn-ún, bọ́ọ̀sì aago márùn-ún ààbọ̀,
atẹ́gùn òkun ń wọnú egungun.
Onílàjà ní kí wọ́n san ìdajì.
Ìdajì gíábọ́ọ̀sì,
ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń fi ìyẹn wakọ̀?

Ọkọ̀ mìíràn ti dé báyìí, àgbàlagbà bíi ti àkọ́kọ́.
Ìyá Ṣèyífúnmi tún na ọwọ́ sí i, ó ya ẹnu.
Mo sáré fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu:
Ẹ rọra, mà. Ẹ sọ ọ́ sínú.
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́
pé a ní kó gbó.